Ọjọ́ Ìbí Àgbà, Òjò Oṣù Ògún àti Ilé Ìtura Ìjọba

Ní ayé àtijọ́, kí ìwé ẹ̀rí ìbí tó di ohun tí a ń tò gbà ní ọ́fíìsì ìjọba, àwọn ìyá àti baba wa kì í fi déètì ka ọjọ́ orí wọn; ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀, tí ẹnìkan yóò fi sọ pé ọdún tí eṣú bo oko ni wọ́n bí òun, tí ẹlòmíràn yóò sọ pé ọdún tí ọba báyìí gun orí ìtẹ́ ni, tí ẹ̀kẹta yóò sì sọ pé ìgbà tí iṣu tuntun kọ́kọ́ dé ọjà, tí odò kún dé etí afárá, ni ìyá òun rọbí òun. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ ìbí ọmọ ènìyàn ṣe so mọ́ òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, tó so mọ́ oko àti odò, tó so mọ́ ọba àti ìlú, débi pé ẹni tó bá ń sọ ìgbà tí a bí i ń sọ ìtàn ibi tí a bí i sí pẹ̀lú.

Lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ ọjọ́ tí a bí wa, a tilẹ̀ mọ wákàtí rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti já ọjọ́ náà kúrò lára ilẹ̀ tó gbé e wá. Bí àgbà bá pé àádọ́rin ọdún tàbí ọgọ́rin, a ó na kánópì sí ojú títì, a ó ra aṣọ ẹbí, a ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kalẹ̀, a ó gbé oúnjẹ nínú kúlà ńláńlá, a ó sì mú ẹni tó ni ọjọ́ jókòó sórí àga gíga kan láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí yóò máa na ọwọ́ sí ọgọ́rọ̀ ènìyàn tí kò mọ̀ rí, tí etí rẹ̀ kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni dáadáa nítorí ariwo ìlù. N kò bá ẹni tó ń ṣe àríyá jà. Ẹni tí orí bá ṣe lóore, tó sì pe ará àti ọ̀rẹ́ wá bá òun dúpẹ́, kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà yẹ́ àgbà sí, tó dákẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó sì gbà wá láyè láti gbọ́ ohun tó kù nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú: kí a gbé e kúrò nílé fún ìwọ̀nba ọjọ́, kí a mú un lọ síbi tí afẹ́fẹ́ wà, tí igi wà, tí ìtàn rẹ̀ wà, kí a sì jókòó tì í.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé irú ibi bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Àwọn tó ṣáájú wa ti kọ́ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú owó òógùn àgbẹ̀, sórí òkè tó ga, sínú ọgbà tó fẹ̀, létí igbó àti odò tí Ọlọ́run fi jíǹkí ilẹ̀ wa. Àwa la pa wọ́n tì, tí ògo wọn fi ń ṣá lójú wa.

Ìyá wa ló ṣí mi lójú sí ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Ondó Èkìmògún ni wọ́n, olùkọ́ ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe, oṣù Ògún sì ni oṣù ìbí wọn. Nígbà tí ọdún wọn ń lọ sí 75, tí àwa ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìpàdé lórí aṣọ tí a ó rà àti gbọ̀ngàn tí a ó gbà, ìyá ní àwọn kò fẹ́ aṣọ, àwọn kò fẹ́ gbọ̀ngàn. Ilé ìtura ìjọba kan ní Àkúrẹ́ ni wọ́n fẹ́ sùn sí, èyí tí ojú wọn rí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ olùkọ́, àwọn kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ jó níwájú àlejò ìjọba ní pápá oko tútù rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fún àwọn ọmọ ní mínírà àti bisikí lábẹ́ igi, wọ́n sì dá wọn padà sínú ọkọ̀, kò sí ẹni tó ní kí olùkọ́ wọlé. Láti ìgbà náà ni ó ti wà lọ́kàn wọn pé lọ́jọ́ kan, àwọn náà yóò gba kọ́kọ́rọ́ yàrá nínú ilé yẹn.

Kí ẹni tó ń ka ìwé yìí lè mọ ohun tí irú ilé bẹ́ẹ̀ jẹ́ nígbà náà, ó yẹ kí a wẹ̀yìn wò díẹ̀. Láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, Àkúrẹ́ ni olú ìlú Ẹkùn Ondó, ibẹ̀ sì ni àwọn aláṣẹ ń gbé. Nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ káàkiri ilẹ̀ wa, ìjọba a máa kọ́ ilé ìsinmi sí ibi tó ga, tó tutù, tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà lẹ́nu ìrìn àjò yóò ti rí ibùsùn, omi ìwẹ̀ àti oúnjẹ. Ọmọ onílẹ̀ kì í sùn níbẹ̀. Bí ó bá débẹ̀, agbóúnjẹ ni, tàbí alágbàfọ̀. Nígbà tí agbára bọ́ sí ọwọ́ tiwa, tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Ògún ọdún 1957, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ kí gbogbo ayé rí i pé ohun tí òyìnbó lè kọ́, ọmọ Yorùbá lè kọ́ ọ, kí ó sì ga jù ú lọ. Owó kòkó ló ṣe é. Owó kòkó tí àjọ tó ń ra irè oko lọ́wọ́ àgbẹ̀ kó jọ ló ran àwọn ọmọ wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 1955, owó yìí kan náà ló wà lẹ́yìn Ilé Kòkó ní Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1965, tó ní àjà 26. Lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún 1966 ni Premier Hotel jókòó sórí òkè Mọ́kọ́lá, tó ń wo gbogbo Ìbàdàn mọ́lẹ̀ bí páànù rẹ̀ ṣe tẹ́ lọ. Kòkó yẹn, kì í ṣe oko Ìbàdàn nìkan ló ti wá. Ìdànrè, Ondó àti àwọn abúlé tó yí wọn ká wà lára ibi tí ó ti ń jáde jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, títí di òní olónìí.

Nígbà tí ó di ọjọ́ 3 oṣù Èrèlè ọdún 1976, ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Ondó. Àkúrẹ́ Ọ̀yẹ́mẹkùn di olú ìlú ìpínlẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Odù'a sílẹ̀, kí àwọn ìpínlẹ̀ tuntun náà lè jọ máa ṣe àkóso ogún tí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fi sílẹ̀, títí kan Ilé Kòkó àti Premier Hotel. Ìpínlẹ̀ tuntun nílò ilé ìgbìmọ̀, ó nílò ọ́fíìsì, ó nílò ibi tí àlejò rẹ̀ yóò máa sùn sí, nítorí a kì í pe àlejò wá sílé kí a má ní ẹní tí a ó tẹ́ fún un. Báyìí ni ilé ìtura ìjọba ṣe di ojú ìlú, tí gómìnà ń gbé àlejò lọ síbẹ̀, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń ṣe ìpàdé níbẹ̀, tí àwọn tọkọtaya tuntun ń ya fótò nínú ọgbà rẹ̀, tí ọmọ ilé ìwé tó bá gba ibẹ̀ kọjá yóò sì máa ro ó lọ́kàn pé bí òun bá kàwé dáadáa, òun yóò wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan.

A dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ilé náà ṣì tóbi, ó ṣì lẹ́wà lókèèrè, nítorí ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ mọ iṣẹ́: ọ̀nà ọkọ̀ rọra yí ká bọ̀ láti géètì, àwọn igi ọ̀pẹ òyìnbó tò sí apá méjèèjì, yàrá ńlá tí a ti ń gba àlejò ga, ó sì fẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ tẹ̀rásò tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ ti tẹ̀ tó sì ń dán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn, ojú a rí ohun tí ojú ń rí. Ọ̀dà ti bó lára ògiri níbi tí omi òjò ń gbà sọ̀kalẹ̀. Sílíìnì ti yọ ikùn ní igun kan. Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ti gbẹ, ewé ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kọ́tínì tó ti jẹ́ pupa rí ti di àwọ̀ tí n kò lè dárúkọ. Ní ojú tábìlì ńlá tí a ti ń gba orúkọ, wọ́n ṣì ń fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́ irin tí a so mọ́ pákó kékeré, nọ́ńbà yàrá ni wọ́n fín sára pákó náà, igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti gbó nítorí ọ̀pọ̀ ọwọ́ tó ti dì í mú. Ìyá gba pákó yìí, wọ́n fi àtàǹpàkò pa á lójú, wọn kò sì tètè sọ̀rọ̀.

Bàbá òṣìṣẹ́ kan tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ ló gbé ẹrù wọn. Yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ṣá, ṣùgbọ́n ó fọ̀ ọ́, ó lọ̀ ọ́, ìlà ayọ́ọ̀nù dúró ṣánṣán lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ ó ní, “Ẹ kú ìrìn àjò, Màmá, ẹ kú orí ire ọjọ́ ìbí. Ẹ̀rọ omi kì í dé òkè mọ́, n kò ní purọ́ fún yín, ṣùgbọ́n omi gbígbóná yóò ti wà lẹ́nu ọ̀nà yín kí ẹ tó jí.” Ìyá dá a lóhùn pé, “Ẹ ṣé o, Bàbá. Ẹ kò ní ṣe é lásán, ọmọ yín náà yóò tọ́jú yín.” Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi náà wà níbẹ̀ nínú báàfù tí a fi ọmọrí dé, ó ṣì ń rú èéfín, aṣọ ìnura mímọ́ sì wà lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: ní ọjọ́ yẹn, ọkùnrin kan ṣoṣo yìí ló gbé orúkọ rere tí gbogbo ilé náà ní nígbà kan rí ró. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà. Àwọn ilé ìtura tuntun tó kún Àkúrẹ́ lónìí ní tẹlifíṣọ̀n fẹ̀ǹfẹ̀ tó gba ògiri, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí a ti ń gba àgbàlagbà lálejò ṣọ̀wọ́n lọ́jà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí a lọ, nítorí ìgbà náà ni ìdajì adùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ló yẹ fún ìgbafẹ́, wọ́n ń sá fún òjò bí ẹni pé ó gbé ìjà wá. Àwọn òyìnbó ní tiwọn a máa dúró de ìgbà ooru wọn nínú oṣù Agẹmọ àti Ògún kí wọ́n tó jáde lọ sí etí òkun àti orí òkè. Ní ilẹ̀ tiwa, àwọn oṣù wọ̀nyí kan náà ni ilẹ̀ tutù jù, tí ewéko sì tutù yọ̀yọ̀ jù lọ. Òjò tó ti ń rọ̀ láti oṣù Igbe a máa dá díẹ̀ nínú oṣù Ògún, oòrùn kì í mú, ìkúùkù a bo ojú ọ̀run bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, erùkù kò sí, afẹ́fẹ́ mọ́, àgbàdo wà lórí iná ní gbogbo ìkóríta, iṣu tuntun ti dé ọjà, ìyeyè pọ́n, ó já sílẹ̀ sábẹ́ igi rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán láti òkèèrè.

Níbi tí wọ́n jókòó sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ìyá wa rí ohun tó gbà wọ́n lọ́kàn ní gbogbo òwúrọ̀ náà: àwọn ẹyẹ ẹ̀gà nínú igi ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé. Akọ ẹ̀gà, aláṣọ ìyeyè olójú dúdú, a gúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn imọ̀ ọ̀pẹ, a fi ẹnu gé etí ewé rẹ̀, a sì fò lọ, kí ó lè fa ewé náà ya ní òwú gígùn kan. Yóò gbé òwú náà lọ sí ẹ̀ka, yóò ta á ní kókó, yóò tì í bọ inú, yóò fà á yọ síta, títí òrùka ewé kan yóò fi so rọ̀, láti ara òrùka yìí ni yóò sì ti hun yàrá, òrùlé àti ẹnu ọ̀nà tó dojú kọ ilẹ̀. Nígbà tí ó bá parí, a rọ̀ mọ́ abẹ́ ilé náà, a máa gbọn ìyẹ́ méjèèjì pẹ̀lú ariwo, kí abo lè wá wò ó. Abo a wọlé, a fi ẹnu tọ́ ògiri rẹ̀ wò. Bí ilé náà bá ti gbẹ, tí ewé rẹ̀ ti di pípọ́n, abo kì í dúró. Akọ kò sì ní bá a jà, kò ní bá ilé jà: a tú ilé àtijọ́ náà palẹ̀ ní òwú kọ̀ọ̀kan, a sì fi ewé tútù hun òmíràn sí orí ẹ̀ka kan náà. Ìyá wò wọ́n títí, wọ́n ní, “Ẹyẹ tí kò ní ọwọ́ mọ̀ pé ilé ń fẹ́ àtúnṣe.” Gbogbo ohun tí mo ní í sọ nípa ilé ìtura ìjọba ló wà nínú gbólóhùn kan yẹn.

Ní ọjọ́ kejì a gba ọ̀nà Ondó. Ọ̀nà náà kò jìn ju nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n ó kún fún ohun wíwò fún ẹni tí kò bá kánjú: odò Ọ̀wẹnà tó kún, tó pọ́n, tó ń gbé ewé àti ìtì igi lọ lábẹ́ afárá, àwọn tó ń ta ìgbín tí wọ́n dì sínú àpò, àti àgbàdo sísun, àti ẹ̀bọ́lọ̀ tí àwọn ará Ondó kò lè jẹ iyán kí ó má wà níbẹ̀, oko kòkó lẹ́yìn oko kòkó, tí ewé wọn di bo ara wọn títí ìsàlẹ̀ fi ṣókùnkùn ní ọ̀sán gangan. Bí a bá tẹ̀síwájú kọjá Ondó sí ọ̀nà Ifẹ̀, Òkè-Ìgbò la ó dé, ìlú tí wọ́n ti bí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà ní ọdún 1903. Ẹni tó bá rí bí igbó ṣe rí níhìn-ín nínú oṣù òjò, tí ìkúùkù bọ́ sí àárín igi, kò ní bèèrè mọ́ ibi tí ọkùnrin náà ti rí àwọn iwin àti ẹbọra inú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1938.

Nígbà tí a wọ Ondó, ìyá wa tò wá jọ bí akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sọ ìtàn tí àwa náà ti gbọ́ rí ṣùgbọ́n tí a kò fi ọkàn sí. Ìtàn ìbí ni ìtàn Ondó. Ní ìgbà tí ìbejì ṣì jẹ́ èèwọ̀, olorì ọba kan bí ìbejì. Ọba kò lè pa ọmọ rẹ̀, kò sì lè fi wọ́n sáàfin, ló bá kó ìyá àti ọmọ pẹ̀lú àwọn ìránṣẹ́ lé ọ̀nà igbó. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, Púpupú, obìnrin, ni ìtàn sọ pé ó kọ́kọ́ jọba ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni ìdílé ọba tó ń jẹ Ọṣemàwé ti ṣẹ̀. Títí di òní, Lóbùn, ọba obìnrin Ondó, ṣì ní ipa tirẹ̀ nígbà tí a bá ń fi Ọṣemàwé tuntun jẹ, kí ìlú má baà gbàgbé pé obìnrin ló kọ́kọ́ gorí ìtẹ́. Ìyá wa ní, “Ọmọ tí wọ́n ní kó kú ló dá ìlú yìí sílẹ̀. Nítorí náà, ọmọ Ondó tó bá ń ṣe ọjọ́ ìbí, ó ní ohun tó fi ń dúpẹ́.” N kò rò pé wọn ì bá ráyè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún wa lábẹ́ kánópì.

Ní àyíká Àkúrẹ́ nìkan, ohun tí a lè fi ọjọ́ ìbí wò kò kéré. Òkè Ìdànrè kò jìn ju ìrìn àjò wákàtí kan lọ, ó ní àtẹ̀gùn tó lé ní 600 tí ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn kí ènìyàn tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn ará ibẹ̀ fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ààfin Ọwá wà lókè níbẹ̀, UNESCO sì ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi tí ó lè di ogún gbogbo ayé láti ọdún 2007. Ìyá kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ ni ojú ti ń rí àpáta dúdú ńláńlá wọ̀nyẹn tí omi òjò ń tàn lára wọn. Ìkọ́gòsì sì wà ní apá kejì, èyí tó wà nínú Ìpínlẹ̀ Ondó títí wọ́n fi yọ Èkìtì jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1996: omi gbígbóná ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, omi tútù ń bọ̀ láti apá kejì, wọ́n sì pàdé láàárín igi gíga, ẹni tó bá ti ẹsẹ̀ kan bọ ọ̀kan, tó ti èkejì bọ ìkejì, yóò mọ ìyàtọ̀ wọn lójú ẹsẹ̀. Ní àfonífojì yẹn náà, wọ́n kọ́ ilé ìsinmi fún àlejò, ìjọba kan á tún un ṣe, òmíràn á pa á tì, èyí tó bá tún dé á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kí ló dé tí irú ilé wọ̀nyí fi ń rẹ̀yìn? Ọjọ́ ogbó kọ́ ni, nítorí ilé tí a kọ́ pẹ̀lú òkúta àti irin ní ọdún 1966 kò tíì gbó lójú ilé. Ohun àkọ́kọ́ ni pé a fẹ́ràn ìṣílé ju ìtọ́jú ilé lọ. Ìjọba tó bá kọ́ ilé tuntun a rí ẹni ya fótò rẹ̀ níbi tí ó ti ń gé rìbọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń lu ìlù fún ẹni tó pààrọ̀ páànù tó ń jò tàbí ẹni tó ra páìpù tuntun fún ẹ̀rọ omi. Ìkejì ni iná mànàmáná: ilé tó ní ọgọ́rùn-ún yàrá, tí jẹnẹrétọ̀ ló ń gbé e ró láti òru dé òwúrọ̀, owó dísù yóò jẹ owó tó yẹ kó fi kun ọ̀dà. Ìkẹta ni pé àwọn tó ń ṣe àkóso wọn ń yípadà bí ìjọba bá ti ń yípadà, wọ́n ń bọ̀ wọ́n sì ń lọ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mọ ibi tí omi ti ń jò. Ìkẹrin, èyí tó kan àwa tí a kì í ṣe ìjọba, ni pé a kì í sùn níbẹ̀. A gba gbọ̀ngàn rẹ̀ fún ìgbéyàwó, a jó, a dà á rú, a sì wọ ọkọ̀ padà sílé lóru; yàrá ṣófo, yàrá tó ṣófo kì í mú owó wọlé, ilé tí kò mú owó wọlé kì í rí àtúnṣe. Ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́ lọ́wọ́ ẹni, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa, àgbẹ̀ Ìdànrè àti Ondó, ló jìyà fún un, nínú òjò, pẹ̀lú àdá, lábẹ́ igi kòkó. Àwa tó jogún rẹ̀ ni a kò mọ iye tó ná wọn.

Kò yẹ kí a fi ọ̀nà méjì tó wà níwájú wa ṣeré. Ní Monrovia, olú ìlú Làìbéríà, hotẹ́ẹ̀lì Ducor ṣí ní ọdún 1960 sórí òkè tó ń wo òkun, kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà ní apá ibí yìí. Wọ́n tì í ní ọdún 1989, ogun dé, àwọn tí kò nílé kó wọ inú rẹ̀, títí di òní ara rẹ̀ ló ṣì dúró, òkú ilé ni. Ní Lomé, hotẹ́ẹ̀lì ńlá tí wọ́n ń pè ní 2 Février ṣí ní ọdún 1980, òun náà rẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n wọ́n wá owó àti ẹni tó mọ iṣẹ́, wọ́n tún un ṣe, ó sì tún ṣílẹ̀kùn ní ọdún 2016. Ilé méjèèjì ló ní ògo nígbà kan. Ọ̀kan rí ogun, ọ̀kan kò rí. Ṣùgbọ́n èyí tí kò rí ogun tún rí ẹni tó pinnu pé òun kò ní jẹ́ kó kú. Ogun kò jà ní Àkúrẹ́. A kò ní ohun tí a lè fi ṣe àwáwí.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Kí ìjọba tó ni irú ilé wọ̀nyí fi ìpín kan nínú owó tí wọ́n bá mú wọlé pamọ́ lọ́dọọdún fún àtúnṣe nìkan, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án fún ohun mìíràn. Kí wọ́n gbé e lé ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ àlejò, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà tó tó láti rí èso iṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n fi oòrùn tí Ọlọ́run fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ tan iná níbi tí dísù ti ń jẹ owó. Kí wọ́n san owó tó yẹ fún irú òṣìṣẹ́ bíi Bàbá tó gbé omi wa gun òkè, kí wọ́n sì ní kó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ojú ọ̀nà sì ní ààbò, nítorí kò sí ẹni tí yóò gbé ìyá rẹ̀ jáde bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀.

Ní ti àwa ọmọ, ojúṣe tiwa kò gba ìwé àṣẹ. Owó tí a ń ná sórí aṣọ ẹbí ọjọ́ kan tó láti gba yàrá fún gbogbo ẹbí ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú ilé ìtura tí àwọn baba wa fi kòkó kọ́. Bí ìyá tàbí baba rẹ yóò bá pé ọdún ńlá lọ́dún tó ń bọ̀, bí wọ́n bá tilẹ̀ bí wọn nínú oṣù òjò, gbé wọn lọ sí Àkúrẹ́, gbé wọn lọ sí Ìkọ́gòsì tàbí òkè Mọ́kọ́lá. San owó yàrá, bèèrè omi, bèèrè iná, bá ọ̀gá ibẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù nípa ohun tó yẹ kó tún ṣe, dúpẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ṣe dáadáa, kí o sì tún padà lọ lọ́dún kejì láti wò ó bóyá wọ́n ti ṣe é. Ogún tí àwọn ajogún kò bá dé ibẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò pín in.